Ọ̀rọ̀ Lórí Àtúnṣe Ẹ̀rọ Agbohùnsílẹ̀ Àlòkù

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ gíga. Ó dá lórí ẹ̀rọ kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí rí, ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì bàbá yín tàbí ní igun yàrá ìpamọ́ ilé ìjọsìn, tí eruku ti bò, tí aláǹtakùn sì ti ta òwú sí lára. Ó ní kẹ̀kẹ́ méjì ní òkè rẹ̀, ọ̀kan ní apá òsì, ọ̀kan ní apá ọ̀tún. Téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó pupa rúsúrúsú a sì máa rìn láti ara èkíní lọ sí ara èkejì. Òun ni àwọn ènìyàn fi ń gba ohùn sílẹ̀ ní ilé àti ní ilé ìjọsìn kí kásẹ́ẹ̀tì kékeré tó jáde ní ọdún 1963, tí ó sì gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Ẹyin ni ohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́." Òwe yìí ni òpó tí gbogbo ọ̀rọ̀ wa yóò fara tì. Ẹni tí ó bá jókòó ti ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè rò pé ẹ̀rọ ni òun ń tún ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, a lè wá òmíràn. Ṣùgbọ́n ohùn tí ó wà lára téèpù kò ní èkejì. A kọ́ ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú àdánù, àdánù náà ni ó sì mú wa dúró níwájú yín.

BÍ Ọ̀RÀN NÁÀ TI BẸ̀RẸ̀

Olùdarí akọrin kan wà ní ìjọ wa nígbà kan rí, ẹni tí ohùn rẹ̀ jinlẹ̀ bí ìró agogo ńlá. Ní ọjọ́ ìsìn orin Kérésìmesì kan, ẹgbẹ́ akọrin gba orin wọn sórí téèpù. Bàbá náà ni ó dá orin kọ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí àwọn yòókù tó gbè é. Nígbà tí ó kú, aya rẹ̀ fi téèpù náà sínú agolo bisikíìtì, ó fi aṣọ wé e, ó sì tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ẹ̀rọ tí ó lè kọ ọ́ ti bàjẹ́, a kò sì mọ ibi tí ó wọlé sí.

Ní ọjọ́ kan Màmá pè wá, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti di arúgbó. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn Bàbá yín kí n tó lọ." A wá ẹ̀rọ kiri, a sì rí ọ̀kan rà ní àlòkù. Inú wa dùn. Ara wa kò sì balẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni a fi iná sí i, tí a sì gbé téèpù Màmá lé e lórí. Kẹ̀kẹ́ yí fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èyí tí ó yẹ kí ó máa gba téèpù dúró, ṣùgbọ́n ọ̀pá tí ń fa téèpù kò dúró. Téèpù kó jọ, ó di rádaràda, ó wé mọ́ rọ́bà tí ó ti yọ́ bí ọ̀dà. Kí a tó fa wáyà iná yọ, bí ìwọ̀n mítà mẹ́ta téèpù náà ti ya, ìpara rẹ̀ sì ti ṣí kúrò. Mítà mẹ́ta kò tó nǹkan lójú. Ṣùgbọ́n lórí téèpù tí ń sáré sẹ̀ǹtímítà 9.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ téèpù ni, níbi tí Bàbá gbé ń dá orin.

A kò lè sọ fún yín bí alẹ́ náà ti gùn tó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a pinnu pé a kì yóò fi ọwọ́ kan téèpù náà mọ́ títí a ó fi mọ ohun tí à ń ṣe. Oṣù mẹ́rin ni ó gbà wá. Ohun tí a kọ́ nínú oṣù mẹ́rin náà ni a ó sọ fún yín nísinsìnyí.

ÌTÀN ẸṢIN ÀTI OHÙN TÍ Ó RÉKỌJÁ ÒKUN

Kí a tó sọ ti àtúnṣe, ó yẹ kí a mọ ibi tí ẹ̀rọ yìí ti wá. Ní ọdún 1898, ará Dẹ́nímáàkì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Valdemar Poulsen fi hàn pé a lè fi agbára òòfà tọ́jú ohùn sára wáyà irin. Ní ọdún 1900 ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Párís. Níbẹ̀ ni a ti gba ohùn Franz Joseph, ọba ńlá ilẹ̀ Ọ́síríà, sílẹ̀, ohùn náà sì wà títí di òní. Ní ọdún 1928, Fritz Pfleumer ní Jámánì fi gọ́ọ̀mù lẹ lẹ́búlẹ́bú irin mọ́ ìwé tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fi èyí rọ́pò wáyà. Àwọn ilé iṣẹ́ AEG àti BASF mú ọgbọ́n rẹ̀ lò; ní ọdún 1935 wọ́n pàtẹ ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní Magnetophon ní Berlin. Nígbà tí ogun parí, ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan, Jack Mullin, kó méjì nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí lọ sí ilé, ó sì fi wọ́n han àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní San Francisco ní ọdún 1946. Ní ọdún 1948 ilé iṣẹ́ Ampex bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin lè bi wá pé, kí ni èyí kàn wá sí? Ẹ rántí pé ní ọdún 1922, nígbà tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ àwọn orin Yorùbá sínú àwo gíramafóònù, Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti kọ wọ́n. Ohùn Yorùbá náà ré òkun kọjá kí a tó tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀rọ onítéèpù ni ó yí èyí padà. Ó mú kí ìjọ kékeré kan lè gba orin ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé ìjọsìn ara rẹ̀, kí ó sì tún un gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Nítorí náà, ohun tí ó wà nínú àwọn agolo àti àpótí wa kì í ṣe ohun tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹyọ kan ṣoṣo ni.

BÍ Ẹ̀RỌ NÁÀ TI Ń ṢIṢẸ́

Téèpù jẹ́ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi lẹ́búlẹ́bú tí ó dàbí ìpẹtà irin kùn ní ojú kan. Lẹ́búlẹ́bú náà a máa gba agbára òòfà, kì í sì í tètè gbàgbé. Láàárín kẹ̀kẹ́ méjèèjì ni àwọn irin kékeré kan wà tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní orí. Bí a bá sọ̀rọ̀ sínú gbohùngbohùn, ohùn wa a di iná mànàmáná. Iná náà a wọ inú orí, a sì di agbára òòfà tí ń pọ̀ tí ó sì ń dínkù gẹ́gẹ́ bí ohùn wa ti ń lọ sókè àti sódò. Bí téèpù ti ń kọjá, agbára náà a fi àmì sára lẹ́búlẹ́bú, bí ẹsẹ̀ ènìyàn ti í hàn lórí eruku ọ̀nà ní ìgbà ọyẹ́. Nígbà tí a bá fẹ́ gbọ́ ọ, àmì wọ̀nyí a tún kọjá níwájú orí, a sì padà di iná, iná a sì padà di ohùn.

Ṣùgbọ́n orí kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pípa àmì rẹ́. Òun ni téèpù kọ́kọ́ ń bá pàdé. Nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì pupa láti gba ohùn titun, orí yìí a gbá gbogbo ohun tí ó wà tẹ́lẹ̀ dànù. Ẹ kíyèsí i dáadáa: ìka kan tí ó ṣì tẹ bọ́tìnnì kan lè pa ohùn ẹni tí ó ti kú rẹ́ títí láé.

ÀTÚNṢE ẸLẸ́SẸẸSẸ

Èkíní, má ṣe fi iná sí i. Èyí ni òfin tí a rú, tí a sì jìyà rẹ̀. Ṣí ìdérí ẹ̀yìn ẹ̀rọ, kí o wò ó lójú oòrùn. Fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku rẹ̀ kúrò. Wò ó bóyá eku ti jẹ wáyà. Wo ibi tí a kọ iye iná tí ẹ̀rọ ń jẹ sí. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún Amẹ́ríkà ń lo fóòtì 120. Tiwa níhìn-ín jẹ́ 230. Bí o bá fi í sí iná wa bẹ́ẹ̀, o ti sun ún. Ìyàtọ̀ mìíràn tún wà tí ojú kì í tètè rí: iná Amẹ́ríkà a máa yí padà ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ní ìgbà 50. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́, iye yìí ni ó ń pàṣẹ ìyára kẹ̀kẹ́. Bí a kò bá tún un ṣe, ìdá kan nínú mẹ́fà ìyára rẹ̀ yóò lọ, ohùn obìnrin yóò sì fẹ́ dàbí ti ọkùnrin.

Èkejì, wo gbogbo ohun tí a fi rọ́bà ṣe. Bẹ́líìtì rọ́bà tí ó ti pẹ́ a máa le, tàbí kí ó yọ́ di ọ̀dà dúdú tí ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ti ẹ̀rọ wa ti yọ́ pátápátá; ìdí nìyí tí kẹ̀kẹ́ agbatéèpù fi dúró. A fi òwú tí a rẹ sínú sípíríìtì nù ún fún odidi ọjọ́ méjì, nítorí pé bí ó bá kù díẹ̀, yóò ba titun jẹ́. Lẹ́yìn náà a fi okùn wọn ọ̀nà tí bẹ́líìtì ń gbà, a sì ra èyí tí ó kúrú jù ú lọ díẹ̀, kí ó lè fà dáadáa. Kẹ̀kẹ́ rọ́bà kékeré kan tún wà tí ń tẹ téèpù mọ́ ọ̀pá irin tí ń fà á. Èyí ni kí a fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀, kí a sì nù ún gbẹ, nítorí sípíríìtì a máa gbẹ rọ́bà. Bí ó bá ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí ètùtù mìíràn.

Ẹ̀kẹta, epo. Gíríìsì tí a fi sí i nígbà tí a ṣe é ti le bí oje igi. Ẹ nù ún kúrò, kí ẹ sì kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ síbi tí irin ti ń yí nínú irin, ẹ̀kán kan ṣoṣo. Ìwà wa ni láti rò pé bí díẹ̀ bá dára, púpọ̀ yóò sàn jù. Nínú iṣẹ́ yìí, púpọ̀ ni ìparun, nítorí epo a máa ta sára rọ́bà, rọ́bà a sì máa yọ̀.

Ẹ̀kẹrin, iná. Nínú ẹ̀rọ àwọn ohun kékeré kan wà tí a ń pè ní kapásítọ̀, tí ń gba iná pamọ́ bí ìkòkò ti ń gba omi. Ọjọ́ ogbó a máa gbẹ wọ́n tàbí kí ó fọ́ wọn. A kìlọ̀ fún yín pé, bí a tilẹ̀ fa wáyà yọ, iná lè wà nínú wọn síbẹ̀, èyí tí ó lè pa ènìyàn. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kí ó gbé e lọ bá ẹni tí ń tún rédíò ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ṣe. Baálé oníṣẹ́ rédíò tí ó ràn wá lọ́wọ́ fi ọgbọ́n kan hàn wá. Ó fi gílóòbù iná oníwáàtì 60 sí ojú ọ̀nà iná, tí ó fi jẹ́ pé inú gílóòbù ni iná gbọ́dọ̀ gbà kọjá kí ó tó dé inú ẹ̀rọ. "Bí gílóòbù bá tàn yòò tí kò sì dínkù," ni ó wí, "ẹ yára pa iná, nǹkan ti kan ara wọn nínú rẹ̀. Bí ó bá tàn lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì rọ̀ wọ̀ọ̀, ara rẹ̀ yá díẹ̀." Tiwa tàn yòò ní ọjọ́ kìíní. Ó pààrọ̀ kapásítọ̀ mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni gílóòbù rọ̀, tí inú wa náà sì rọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, àwọn orí. Ẹ fi òwú àti sípíríìtì nu ojú wọn títí òwú yóò fi jáde ní funfun. Ìdọ̀tí tín-ín-rín tó láti mú kí ohùn dàbí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láti inú ìrọ̀rí. Bí téèpù bá ti gbẹ́ ojú orí di kòtò jíjìn, a ní láti wá òmíràn. Ọ̀pọ̀ ìlò a máa fi agbára òòfà díẹ̀ sílẹ̀ lára wọn, èyí tí ń fi ariwo bí òjò wẹ́ẹ́rẹ́ sára ohùn. Irinṣẹ́ kan wà tí a fi ń mú un kúrò: ẹ mú un sún mọ́ orí ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ sì fà á jìnnà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ẹ tó pa iná rẹ̀. Kí téèpù kankan má ṣe wà nítòsí nígbà náà, nítorí irinṣẹ́ yìí lè pa ohùn rẹ́.

Ẹ̀kẹfà, ìdánwò. Téèpù tí kò níye lórí ni kí a fi dán an wò, kì í ṣe ti Màmá. A wọn sẹ̀ǹtímítà 285 lára téèpù òfìfo kan, a sì fi àmì sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń sáré sẹ̀ǹtímítà 9.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àmì méjèèjì gbọ́dọ̀ kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30. A fi aago ọwọ́ wò ó ní ìgbà mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni a ka iye láti 1 dé 100 sínú rẹ̀, tí a sì tún un gbọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi ń lo téèpù òfìfo yìí, títí ẹ̀rọ kò fi fà á tì mọ́.

NÍTI TÉÈPÙ FÚNRA RẸ̀

Téèpù náà ní àrùn tirẹ̀. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀: bí ó bá ń ta bí ọtí kíkan, a jẹ́ pé irú ike àtijọ́ tí a ń pè ní ásítéètì ni, ó sì ti ń bàjẹ́. Ẹ gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀: ìmọ́lẹ̀ a máa gba ẹ̀gbẹ́ ásítéètì kọjá, kì í sì í gba ti irú èyí tí ó tẹ̀lé e. Ásítéètì a máa já ní tààrà, a sì lè tún un so. Èyí kejì a máa fà gùn kí ó tó já, ohun tí ó sì ti fà kì í padà sí ipò. Àwọn téèpù kan tí a ṣe láàárín ọdún 1970 sí 1990 a máa fa ọ̀rinrin, gọ́ọ̀mù wọn a sì máa rọ̀ débi pé wọn a lẹ̀ mọ́ orí, wọn a sì máa han. Ẹ má ṣe fi agbára kọ irú bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ a máa fi ooru díẹ̀ yá a fún wákàtí púpọ̀, bí ìwọ̀n 54 Celsius, kí wọ́n tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n irú ooru bẹ́ẹ̀ yóò ba ásítéètì jẹ́. Nítorí náà, ẹni tí kò dá wọn mọ̀ yàtọ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ iná.

Bí téèpù bá já, ẹ má ṣe fi gọ́ọ̀mù lílẹ̀ tí a fi ń di ìwé so ó. Gọ́ọ̀mù náà yóò ṣàn, yóò sì lẹ ìpele kan mọ́ èkejì. Èyí tí a ṣe fún téèpù wà lọ́tọ̀. Ẹ tọ́jú téèpù ní ìdúró bí ìwé, níbi tí ó tutù tí ó sì gbẹ, jìnnà sí ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn jáde, nítorí òòfà wà nínú rẹ̀.

BÍ Ó TI PARÍ

Nígbà tí oṣù kẹrin pé, a gé apá téèpù Màmá tí ó ti bàjẹ́ kúrò, a fi téèpù òfìfo so ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a sì fi páálí dí bọ́tìnnì pupa pa, kí ìka ẹnikẹ́ni má baà ṣì í tẹ̀. A so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ó lè máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ bí ó ti ń kọ, nítorí a kò mọ̀ bóyá ìgbà kan ṣoṣo ni yóò gbà fún wa. Ó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró. Ẹ̀dà mẹ́ta ni a ṣe, a sì fi wọ́n sí ilé mẹ́ta.

A gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ilé Màmá. Ó fi gèlè rẹ̀ wé dáadáa, bí ẹni tí ń lọ sí ìsìn. Nígbà tí ohùn Bàbá jáde, ó dijú, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí orin parí, ó la ojú, ó bi wá pé, "Ikọ́ rẹ̀ dà?" A kò mọ ohun tí ó ń sọ. Ó ní, "Bàbá yín kì í bẹ̀rẹ̀ orin láìwúkọ́. Mo máa ń bá a jà sí i. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ ní ọdún náà."

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó wà lára mítà mẹ́ta tí a bàjẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ tí a ń kánjú. A dọ̀bálẹ̀, a sì jẹ́wọ́ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ dìde, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ tún un kọ." A tún un kọ ní ìgbà mẹ́ta ní ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin ará wa, a kò sọ ìtàn yìí kí ẹ lè káàánú wa. A sọ ọ́ nítorí pé ọ̀pọ̀ agolo bisikíìtì ṣì wà nínú ilé yín. Ẹ lọ wò ó. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ àti ọdún tí a gbà á sára páálí rẹ̀ nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ẹ̀rọ, kí ẹ sì tún un ṣe pẹ̀lú sùúrù, kí téèpù tí ẹ fẹ́ràn jù lọ sì jẹ́ ohun ìkẹyìn tí ẹ ó gbé lé e lórí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.